Ẹni Tí Iṣẹ́ Ń Tẹ̀ Lé, Ẹni Tó Ń Tẹ̀ Lé Iṣẹ́: Lámèyítọ́ Fíìmù Nomadland

Kí a tó rí ojú èèyàn kankan nínú fíìmù Nomadland, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ náà sọ fún wa pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ US Gypsum, tó ń ṣe pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ògiri inú ilé, kógbá sílé ní ìlú Empire, ní ìpínlẹ̀ Nevada lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 88 tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún kan náà, wọ́n ti fagi lé nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ìlú náà, 89405. Mo dá fíìmù náà dúró níbẹ̀, mo sì tún ọ̀rọ̀ náà kà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Mo mọ̀ pé ilé lè wó. Ṣùgbọ́n kí odindi ìlú pàdánù nọ́ńbà rẹ̀, n kò rò ó rí.

Chloé Zhao, tí wọ́n bí ní Beijing lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló darí fíìmù náà. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ ní àjọ̀dún fíìmù Venice lọ́dún 2020. Lọ́dún 2021, ó gba Oscar mẹ́ta: ti fíìmù tó dára jù lọ, ti olùdarí, àti ti olú òṣèrébìnrin, èyí tí wọ́n fún Frances McDormand. Inú ìwé tí Jessica Bruder kọ, tó jáde lọ́dún 2017, tí òun náà ń jẹ́ Nomadland, ni wọ́n ti fa ìtàn náà yọ. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò máa bi mí pé kí ló dé tí n kò mú ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Yorùbá tó wà nílẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tí fíìmù yìí dá lé lórí ti wọ inú ilé wa: àgbàlagbà tó ti lé ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, tó ní òun kò gbé ojú kan mọ́, tó ní ojú ọ̀nà ni òun yóò máa gbé, ibẹ̀ náà ni òun yóò sì ti máa ṣiṣẹ́. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó rọra fi aṣọ bò, aṣọ yẹn ni mo fẹ́ ká.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Fern ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ó dàgbà díẹ̀ ju àwọn tí mo ń sọ yìí lọ. Bo ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilé ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé ní Empire, nítorí náà bí iṣẹ́ ṣe lọ ni ilé lọ. Ó kó ẹrù tó ṣẹ́kù sínú yàrá kan tó háyà, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju danfó wa lọ, ó sọ ọkọ̀ náà ní Vanguard, ó sì bọ́ sọ́nà. Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, ó lọ ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí Amazon. Kérésìmesì lọ, iṣẹ́ tán. Ó gba aṣálẹ̀ Arizona lọ, níbi tí àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ bíi tirẹ̀ ti ń pàdé lẹ́bàá ìlú Quartzsite. Ó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí àwọn olùgbafẹ́ ti ń pàgọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ. Ó lọ síbi ìkórè irúgbìn abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Lẹ́yìn náà Kérésìmesì tún dé.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yin fíìmù náà fún ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òṣèré. Linda May, Swankie àti Bob Wells, orúkọ tiwọn ni wọ́n jẹ́ nínú rẹ̀, ayé inú ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ sì jẹ́ ayé tí wọ́n ti gbé. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nínú fíìmù ló jẹ́ òótọ́. Àìsàn tó ń ṣe Swankie, olùdarí ló fi kún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo iná, èèyàn kò lè kọ́ òṣèré ní ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ iná yẹn ni obìnrin kan ti sọ ìtàn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan, Bill. Bill ní ọkọ̀ ojú omi onígbòkun tó gbé síwájú ilé rẹ̀, tó ń dúró de ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì. Àìsàn ẹ̀dọ̀ mú un nígbà tó kù díẹ̀. Ó kú, ọkọ̀ náà kò sì kúrò ní iwájú ilé. Obìnrin náà ní nítorí rẹ̀ ni òun kò fi dúró pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ́. Kò sunkún. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń ka owó ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta fi ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún ayálégbé, tó sì ń ra báàgì, ẹ má wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìtàn Bill. Gbogbo wa la mọ Bill kan. Ní àdúgbò wa, tirẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi, ilé alájà kan tí kò tíì lé òrùlé ni.

Ìran kan tún wà tí n kò lè fò, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Fern wọ ṣọ́ọ̀bù, ó pàdé ìyá kan tó mọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin tí Fern ti kọ́ níwèé rí, bi í bóyá òótọ́ ni pé kò nílé. Fern dá a lóhùn pé ilé tí wọ́n kọ́ ni òun kò ní, pé ìyẹn yàtọ̀ sí kí èèyàn má nílé rárá. Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ méjì fún un: ọ̀kan fún ilé tí a fi amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù kọ́, èkejì fún ilé tí ọkàn ẹni wà. Ààrin ọ̀rọ̀ méjèèjì ni Fern gbà kọjá. Nígbà tí mo ń sọ ìtàn náà fún ìyá àgbà mi, mo gbìyànjú láti túmọ̀ ìdáhùn yìí, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ilé ni ilé lédè wa. Èyí tí a kọ́ ni, ìlú tí a ti wá ni, ẹbí tí a bí wa sí náà ni. Bí ará Iléṣà tó ń gbé Èkó bá ní òun ń lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa bi í pé yàrá mélòó ni. Ìyá àgbà gbọ́ àlàyé mi tán, wọ́n ní, “Ẹni tí kò nílé, kò nílé náà nìyẹn.”

N kò gbà pé wọ́n jàre tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ìdáhùn Fern bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ronú rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí ọmọdé yóò bi í. Ohun tó tẹ̀ lé e ló sì fi hàn pé Zhao mọ iṣẹ́ rẹ̀. Fern ní kí ọmọ náà sọ ohun tó rántí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ kan láti inú Macbeth lórí. Àwọn tó bá ń ka Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú wa yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún Macbeth pé ìyàwó rẹ̀ kú ni. Opó ló dúró sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí ọmọ kékeré ń ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú fún un, ọmọ náà kò sì mọ̀. Fern rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún wa. Bí ó bá jẹ́ fíìmù mìíràn ni, orin ìbànújẹ́ ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ikú àti ọ̀fọ̀, nígbà náà, n kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú Zhao. Ibi tí èmi àti fíìmù náà ti ń fa ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ẹ wo ìran inú ilé ìkẹ́rùsí Amazon. Inú ilé ìkẹ́rùsí Amazon gan-an ni wọ́n ti yà á. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Fern ń rìn, ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń di ẹrù. Wọ́n jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ, ẹnì kan ń fi fínfín ara rẹ̀ han àwọn tó kù. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti tán, ojú ọ̀run ti dé. Joshua James Richards tó ya àwòrán fíìmù náà mọ bí wọ́n ṣe ń mú àkókò tí oòrùn ń wọ̀, tí gbogbo ilẹ̀ ń dà bí epo pupa. Mo fẹ́ràn àwọn àwòrán náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo ń fi aago ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún iṣẹ́ àti èyí tí wọ́n fún ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run jẹ iṣẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ìwé Bruder kò rí bẹ́ẹ̀. Bruder ra ọkọ̀, ó gbé inú rẹ̀, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ní Amazon àti níbi ìkórè. Nínú ìwé rẹ̀, a ń rí àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí sìmẹ́ńtì láti òwúrọ̀ títí. A rí i pé ẹ̀rọ wà lára ògiri tó ń fún òṣìṣẹ́ ní oògùn ara ríro lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúró lórí ẹ̀rọ yẹn pẹ́. Ẹni tó kàn án mọ́ ògiri mọ̀ pé ara yóò ro wọ́n. Ó ti kà á mọ́ iṣẹ́. Nínú fíìmù, n kò rí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wa, tó ní ká wọlé wá ya fíìmù, ó máa ń ṣòro láti ka àbùkù ilé rẹ̀ sí i létí.

Ẹ tún ka oṣù inú fíìmù náà bí mo ṣe kà á. Fern kò lọ sí Nevada nítorí pé òjò dídì wù ú. Ìparí ọdún ni Amazon ń wá èrò. Kò fi Badlands sílẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ti sú u. Ìgbà táwọn olùgbafẹ́ lọ ni owó ibẹ̀ lọ. Ìkórè ní oṣù tirẹ̀. Èyí tí a ń pè ní òmìnira, ó ní kàlẹ́ńdà, àwọn ilé iṣẹ́ ló sì ń tẹ kàlẹ́ńdà náà. Òun ni mo fi ń sọ pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń tẹ̀ lé iṣẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ ń tẹ̀ lé gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sínú báàgì. Bó bá wù ú kó jókòó sí Lisbon, iṣẹ́ á bá a jókòó níbẹ̀. Fern kò gbé iṣẹ́ kankan dání. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé dání, ó ń gbé wọn lọ síbi tí wọ́n bá ti ń rà wọ́n. Láti òkèèrè, àwọn méjèèjì jọra: báàgì, ọkọ̀, ọ̀nà, irun ewú tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ìjọra yẹn ni fíìmù náà ń jẹ.

Kí ó má dà bí ẹni pé mo ń pa irọ́ mọ́ Zhao, ó fi ẹnu Linda May sọ òótọ́ nígbà kan. Linda May ní òun wo orí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ iye owó ìfẹ̀yìntì tó kan òun, ó bá 550 dọ́là. Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń ṣiṣẹ́, ó tọ́ ọmọbìnrin méjì. Gbogbo àwa tó lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí la ti ka ewì J. F. Ọdúnjọ nínú Aláwìíyé lórí, èyí tó fi yé wa pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òṣì. Bí Linda May bá jókòó sí kíláàsì wa lọ́jọ́ tí olùkọ́ ń kọ́ni ní ewì náà, n kò mọ ohun tí a ó sọ fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, fíìmù kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ta ló jẹ owó rẹ̀.

Dípò bẹ́ẹ̀, ó fún Fern ní ilé méjì láti kọ̀. Àkọ́kọ́ ni ilé Dolly, arábìnrin rẹ̀, níbi tó lọ yá owó nígbà tí ọkọ̀ bàjẹ́. Dolly ní kó dúró. Èkejì ni ilé ọmọ Dave. Dave ni ọkùnrin arìnrìn-àjò tó ń wojú rẹ̀, tó ti padà sọ́dọ̀ ọmọ nítorí ọmọ-ọmọ tuntun. Yàrá àlejò ibẹ̀ dára, bẹ́ẹ̀dì rọ̀, ṣùgbọ́n Fern dìde lóru, ó lọ sùn sínú ọkọ̀, nígbà tó sì di ìdájí ó wa ọkọ̀ lọ. Àwọn ìran náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n ṣe sí ìtàn. Láti ìgbà tí Fern ti kọ ilé méjì, àwa òǹwòran kò tún lè sọ pé àìní ló gbé e dé ojú ọ̀nà. Ìwà rẹ̀ ni. Bó ṣe rí ni. Ilé iṣẹ́ tó kógbá sílé ti bọ́ lọ́rùn ìtàn. Àwọn tó wà nínú ìwé Bruder, púpọ̀ nínú wọn kò ní Dolly.

Nítorí ìyẹn ni kò fi yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ń fi fíìmù yìí gba ara wọn níyànjú láti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn kiri pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Wọ́n rí ojú ọ̀run. Ọdún tí fíìmù náà jáde gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Barbados gbé ìwé àṣẹ kan jáde tó fún àlejò láyè láti wá gbé níbẹ̀ fún oṣù 12, kó máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà nílùú mìíràn, bí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó 50,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ, Estonia náà ṣe tirẹ̀. Ó béèrè 3,504 owó yúrò lóṣù. Ẹ gbé 550 dọ́là Linda May síwájú wọn. Ní ọdún kan, kò tó 7,000. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ní gbogbo èèyàn lè rìn ní ìbodè, owó sì ni wọ́n ń bi èèyàn níbẹ̀.

Ó kan ilé wa báyìí. Àbúrò màmá mi wà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n. Mọ́mì Ìbàdàn là ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sí ní Ìbàdàn mọ́. Wọ́n ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn fún ọdún mọ́kàndínlógún, kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù lẹ́yìn àrùn kòrónà. Ọkọ wọn ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ wà ní yunifásítì. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí àwọn oníṣòwò kéékèèké mẹ́ta ní Toronto tó ń gbé ìwé owó wọn fún wọn. Ni wọ́n bá yá èèyàn ní ilé, wọ́n mú báàgì kan àti kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Kútọnu, Lomé, Accra, kí wọ́n tún padà. Wọn kò lọ sí Barbados. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ àwọn ibi wọ̀nyẹn láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́, nítorí náà ibi tí páásípọ́ọ̀tù bá gbé wọn dé ni òmìnira wọn dé.

Ẹbí pe ìpàdé nítorí wọn ní oṣù Kejìlá tó kọjá. Àwọn bọ̀dá ní ó yẹ kí wọ́n padà wálé wá jókòó, pé obìnrin kì í ṣe báyìí rìn. Ìyá àgbà ní bí àìsàn bá ṣe wọ́n lóru ní ìlú onílùú, ta ni yóò mọ̀? Èmi jókòó sẹ́yìn, n kò gbọdọ̀ dá sí i. Ṣùgbọ́n owó WAEC mi, Mọ́mì Ìbàdàn ló san án, láti Lomé ni wọ́n sì ti fi í ránṣẹ́.

Ohun tó jọ mí lójú ni pé ọmọ Òṣómàáló ni ìyá àgbà. Bàbá wọn ń ru aṣọ láti Iléṣà lọ sí ìlú tó jìnnà, ó ń tà á láwìn, ó sì ń padà lọ gba owó rẹ̀, bí onígbèsè bá ń ṣe agídí, a lóṣòó tì í títí yóò fi san. Ọ̀pọ̀ oṣù ló máa ń lò níta. Mo bi ìyá àgbà lẹ́yìn ìpàdé pé kí ni ìyàtọ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn ní ilé tó ń padà sí. Mo ní Mọ́mì Ìbàdàn náà ní ilé, ayálégbé ló wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ilé tí ayálégbé wà, ta ló ń dáná níbẹ̀ dè é?” N kò rí èsì fún wọn. Ìbéèrè yẹn lágbára ju ìbéèrè èyíkéyìí tí Dolly bi Fern lọ.

Mọ́mì Ìbàdàn ni wọ́n fi ìwé Bruder ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, nítorí náà mo ní kí wọ́n wo fíìmù náà. Ibi tó dùn mọ́ wọn jù kì í ṣe aṣálẹ̀. Ìgbà tí táyà Fern jò ni, tó lọ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ Swankie, tí Swankie bá a wí bí ọmọdé pé báwo ló ṣe lè wà ní irú ibi bẹ́ẹ̀ láìní táyà àfipàmọ́, pé èèyàn lè kú síbẹ̀. Wọ́n ní ní Lomé, obìnrin oníyẹ̀fun tó wà nísàlẹ̀ ilé ni Swankie tiwọn. Lórí Fern, wọ́n ní, “Obìnrin yẹn kò sá fún ilé, ilé ló sá fún un.” Nígbà tí mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi nípa ẹni tí iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, tí mo ní irú wọn ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí aago bá lu mẹ́sàn-án alẹ́ ní Lomé, agogo mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ní Toronto, àwọn oníbàárà kò sì tíì palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé èèyàn kì í jẹ́ kó sùn. Wọ́n ní bí iná bá lọ tàbí dátà bá tán, kò sí ọ̀gá tó ń bínú sí iná, ìwọ ni wọ́n ń bínú sí. Síbẹ̀ wọn kò ní padà sí ọ́fíìsì. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní, àwọn kò mọ̀ pé òkun Kútọnu máa ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ lóru.

Kò sí ẹni tó sọ irú nǹkan báyìí nínú Nomadland, ìyẹn ni àléébù rẹ̀ lójú mi. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ikú, nípa òkúta, nípa ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí Swankie rí létí omi, gbogbo rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í ráhùn nípa ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó bá jókòó pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iná, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ wa ní yàrá olùkọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí fíìmù parí, Fern kó gbogbo ẹrù inú yàrá tó háyà fún ẹlòmíràn. Ó padà sí Empire. Ó wọ ilé iṣẹ́ tó ti di ahoro, eruku ti bo àga. Ó wọ ilé tí òun àti Bo gbé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó rìn gba inú rẹ̀ kọjá, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde sí aṣálẹ̀ tó ti sọ nípa rẹ̀ ṣáájú, aṣálẹ̀ tí kò sí nǹkan tó dí i títí dé òkè. Dùùrù Ludovico Einaudi ń dún. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ náà ń lọ lójú títì.

Mọ́mì Ìbàdàn bi mí pé ibo ni mo rò pé ó ń lọ. Mo ní ibi tó bá ní iṣẹ́. Amazon ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni, àwọn ọgbà ìgbafẹ́ kò tíì ṣí, ìkórè sì ṣì jìnnà, nítorí náà ó ní oṣù díẹ̀ tí kò sí owó. Wọ́n ní ẹni tó kọ fíìmù náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ ọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn máa lọ, àwọn ará Toronto ti ń jí.